Ẹwìrì láàrin gìtá: àyẹ̀wò àkọ́díọ̀nù tòkunbọ̀ oníbáàsì 72 fún ẹgbẹ́ róòkì l'Abẹ́òkúta

Ìdájọ́ wa la ó fi ṣáájú, nítorí ẹni tí olùtà ṣì ń dúró dè lórí fóònù. Tí gìtá oníná bá wà nínú ẹgbẹ́ yín, tí onídírọ́ọ̀mù yín kì í sì í fọwọ́ rọra lu nǹkan, àkọ́díọ̀nù tòkunbọ̀ oníkíì 34, oníbáàsì 72 (ìyẹn bọ́tìnnì 72 lápá òsì), tó ní ohùn mẹ́ta lábẹ́ kíì kọ̀ọ̀kan, ni kẹ́ ẹ rà. Báàsì 48 kéré jù, 120 wúwo jù. Ẹ má sì jẹ́ kí àkọ́díọ̀nù nìkan jẹ owó yín tán. Máìkì ló máa sọ bóyá ẹni tó dúró lẹ́yìn á gbọ́ ọ, tàbí á kàn máa wò yín bí ẹni tó ń fín ẹwìrì alágbẹ̀dẹ. Máàkì mẹ́rin nínú márùn-ún la fún un. Ọ̀rọ̀ túúnù ló jẹ máàkì kan, a ó débẹ̀.

Ẹwìrì náà kúkú ni. Òun ló wà láàrin, òun ló ń fa afẹ́fẹ́ wọlé tó ń tì í jáde, ahọ́n irin tẹ́ẹ́rẹ́ sì ni afẹ́fẹ́ náà ń mì tó fi ń dún. Ohun èlò yìí kì í ṣe àlejò nílẹ̀ Yorùbá. I.K. Dairo, ẹni tí wọ́n fún ní oyè MBE lọ́dún 1963, ti gbé e wọ inú jùjú tipẹ́. Ṣùgbọ́n àyè tí jùjú fún un gbòòrò. Gìtá jùjú mọ́ lóhùn, ó ń sọ̀rọ̀, ó ń dákẹ́, kí ẹlòmíì lè fèsì. Gìtá róòkì tí wọ́n ti fi dísítọ́ṣọ̀n sí, ìyẹn ohùn tí wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ fọ́, kì í dákẹ́. Ó máa ń tẹ́ ara rẹ̀ sí gbogbo àárín bí ẹni tó sùn ká orí bẹ́ńṣì. Ẹ tẹ́tí sí James Fearnley nínú ẹgbẹ́ The Pogues, tàbí John Linnell nínú ẹgbẹ́ They Might Be Giants, kẹ́ ẹ gbọ́ bí àkọ́díọ̀nù ṣe ń wá àyè tirẹ̀. (Kí ìlú tó sá sábẹ́ àpáta tún wá máa wá róòkì kiri, a ò ní í dá sí ìyẹn.)

Ohun tó wà nínú rẹ̀

Lápá ọ̀tún, kíì 34 ló wà níbẹ̀ bíi ti dùùrù, láti G dé E. Abẹ́ kíì kọ̀ọ̀kan ní ohùn mẹ́ta: ọ̀kan tó wálẹ̀ ní ọ̀kítéfù kan, tí wọ́n ń pè ní L, àti méjì ti àárín, M àti M. Súìṣì ló ń yan èyí tó máa dún. Ohùn kọ̀ọ̀kan tún ní ahọ́n méjì, ọ̀kan fún fífà, ọ̀kan fún títì. Ẹ ṣírò rẹ̀: 34 lọ́nà mẹ́ta, lọ́nà méjì, ahọ́n 204 nìyẹn, lápá ọ̀tún nìkan. Ẹnikẹ́ni tó bá sọ pé “kò sí nǹkan tó ṣe é” láìtẹ gbogbo rẹ̀ wò, ọjà ló ń polówó.

Lápá òsì, bọ́tìnnì 72 tò ní ìlà 12, mẹ́fà mẹ́fà. Láti ẹ̀bá ẹwìrì bọ̀ síta, báàsì onírànlọ́wọ́ ló ṣáájú, tó ń dún ní ìró kẹta báàsì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Lẹ́yìn rẹ̀ ni báàsì gan-an, lẹ́yìn náà kọ́ọ̀dù, ìyẹn ìró mélòó kan tó ń dún pọ̀: méjọ̀, máínọ̀, séfúǹtì, àti dímíníìṣì. Ojú bọ́tìnnì C ní kòtò kékeré tàbí òkúta dídán, kí ìka lè mọ̀ ọ́n láìwò ó. Tẹ́ ẹ bá ti C gòkè lọ síhà àgbọ̀n, G ló kàn, lẹ́yìn náà D, A, E. Ẹ wá yí i padà, kẹ́ ẹ máa sọ̀ kalẹ̀ láti E: E, A, D, G. Onígìtá báàsì yín á rẹ́rìn-ín, torí bí okùn gìtá tirẹ̀ ṣe tò nìyẹn gẹ́lẹ́. Orin tí wọ́n bá fi gìtá ṣẹ̀dá sì fẹ́ràn E, A, D àti G, nítorí náà ọwọ́ òsì yín kò ní í rìn jìnnà.

Oníbáàsì 48 sábà máa ń ní kíì 26 àti ohùn méjì, M àti M, láìsí L. L yìí gan-an sì la máa fi jà lórí pèpéle. Oníbáàsì 120 ní kíì 41 àti ohùn mẹ́rin lọ́pọ̀ ìgbà. Ó dùn, a ò jiyàn, àmọ́ kìlógíráàmù 10 sí 12 ló wà lórí èjìká yẹn. Ti 72 kì í sábà ju 7 sí 8 lọ. Fún ẹni tó máa dúró wákàtí méjì ní òde àríyá ní Kútọ̀ nígbà tí oòrùn ń ran, ìyàtọ̀ yẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu.

Orúkọ tẹ́ ẹ ó máa rí ni Hohner àti Weltmeister láti Jámánì, àwọn tí wọ́n ṣe ní Castelfidardo ní Ítálì, àti Parrot láti Ṣáínà. Orúkọ kì í ṣe ẹ̀rí. Ohun tí wọ́n ṣe ní Trossingen, ìlú Hohner, ní ogójì ọdún sẹ́yìn, tó wá sùn sínú àjà onípáánù láti ìgbà náà, lè burú ju ti Ṣáínà tí wọ́n ń tẹ̀ lójoojúmọ́.

Kẹ́ ẹ tó sanwó

Ẹ mú fóònù tó ní tọ́ọ̀ṣì àti áàpù túúnà dání, kẹ́ ẹ sì ní sùúrù. Ẹwìrì ni àkọ́kọ́. Ẹ tú bẹ́líìtì kékeré méjèèjì tó dè é pa. Ẹ di apá oníkíì mú sókè, kẹ́ ẹ jẹ́ kí apá oníbọ́tìnnì rọ̀ sílẹ̀ fúnra rẹ̀, láìtẹ ohunkóhun. Tí ara rẹ̀ bá dá, ẹwìrì á máa là díẹ̀díẹ̀ bí ológbò tó ń na ara. Tó bá já wálẹ̀ fàà láàrin ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta, ibì kan ń jò. Ẹ fi omi pa ẹ̀yìn ọwọ́ yín, kẹ́ ẹ gbé e súnmọ́ igun ẹwìrì, oríkèé ibi tí ẹwìrì ti kan páálí, àti abẹ́ àwọn kíì, nígbà tẹ́ ẹ bá ń tì í. Ibi tó bá tutù lójijì ni ihò wà. Oríkèé ló rọrùn jù láti tún ṣe, igun ẹwìrì ṣeé lẹ̀. Tó bá jẹ́ pádì abẹ́ kíì ni kòkòrò ti jẹ, ẹ ro ó dáadáa, torí gbogbo kíì ló máa jáde kí wọ́n tó lè pààrọ̀ rẹ̀, tí wọ́n á sì tún máa tò wọ́n padà kó lè tẹ́ láìga, láìrì.

Lẹ́yìn náà ni kíì. Ẹ tẹ ọ̀kọ̀ọ̀kan lórí súìṣì L, lórí M, lórí MM, kẹ́ ẹ fà á, kẹ́ ẹ tì í. Igba lé mẹ́rin ìtẹ̀ nìyẹn, nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú. Olùtà tó bá ní ẹ ti ń pẹ́ jù, ẹ jẹ́ kó máa ráhùn. Ohun tí etí yín ń wá kò pọ̀. Kíì tó dún nígbà fífà, tó yadi nígbà títì, ìdọ̀tí ló há sábẹ́ ahọ́n rẹ̀, tàbí kẹ̀ ahọ́n ti kán. Ti ìdọ̀tí kì í gbà ju ìwé tẹ́ẹ́rẹ́ kan, ti kíkán ń fẹ́ ahọ́n tuntun. Èyí tó ń lọ́ra kó tó fọhùn, awọ kékeré tó bo ojú ahọ́n rẹ̀ ló ti ká sókè. Èyí tó ń dún jììjìì bí eṣinṣin nínú ìgò, ìda ti tú lẹ́yìn àwo irin tó gbé ahọ́n rẹ̀. Èyí tó ń dún láìtẹ̀, pádì rẹ̀ kò jókòó. Tí ẹ bá rí márùn-ún sí mẹ́jọ irú èyí, ẹ fi dúnàá-dúrà owó. Tí wọ́n bá lé ní ogún, ẹ máa bá tiyín lọ.

Tí olùtà bá gbà pé kẹ́ ẹ ṣí i, ẹ má kọ̀. Ẹ fi tépù wé ẹnu ẹ̀mú kó má baà ha páálí, ẹ fi fa ìṣó ẹwìrì jáde lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹ tò wọ́n bí wọ́n ṣe jáde torí wọn kì í bára mu, kẹ́ ẹ sì fi pẹ́ńsù sàmì síbi tí ẹwìrì ti kan páálí, kó má baà di pé ẹ gbé e padà sódì. Inú ibẹ̀ lẹ ó ti rí òtítọ́. Ìda tó ṣì dára máa ń gba èékánná; èyí tó ti kú máa ń fọ́ wẹ́wẹ́, ó sì ń là yíká àwo. Ahọ́n tó dára ń dán bí abẹ́rẹ́ tuntun. Tó bá ti pọ́n, ìpẹtà ni, ìpẹtà sì ń yí túúnù padà kódà lẹ́yìn tí wọ́n bá ti ha á kúrò. Ẹ gbóòórùn rẹ̀ náà. Tó bá ń rùn bí aṣọ tó bu, omi ti wọ ibẹ̀ rí.

Máàkì tó lọ

Ọ̀pọ̀ nínú àkọ́díọ̀nù tòkunbọ̀ ni wọ́n túúnù sí ohùn tí wọ́n ń pè ní mùsẹ́ẹ̀tì. Àwọn M méjèèjì kò dọ́gba. Wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ gbé ọ̀kan ga ju èkejì lọ, nígbà míì tó sẹ́ǹtì 20, nígbà tí ààyè láàrin kíì kan àti èyí tó kàn án jẹ́ sẹ́ǹtì 100. Lórí A 440, sẹ́ǹtì 20 túmọ̀ sí pé ohùn á máa gbọ̀n bí ìgbà márùn-ún láàrin ìṣẹ́jú àáyá kan. Tó bá dá wà, ó dùn bí ohùn arúgbó tó ń kọrin ìfẹ́. Láàrin gìtá méjì tó ní dísítọ́ṣọ̀n, gbogbo ẹgbẹ́ ló máa dà bí ẹni tí kò túúnù. Onígìtá á máa yí okùn rẹ̀, olórin á máa wo onígìtá, ẹnikẹ́ni kò sì jẹ̀bi.

Nítorí náà, ẹ wá èyí tí àwọn M rẹ̀ yàtọ̀ ní sẹ́ǹtì márùn-ún tàbí kí ó má yàtọ̀ rárá. Ẹ lè fi áàpù túúnà wọ̀n ọ́n: ẹ tẹ A lórí súìṣì M nìkan, ẹ kọ iye rẹ̀ sílẹ̀, kẹ́ ẹ wá tẹ MM, kẹ́ ẹ ka ìgbọ̀n rẹ̀. Tó bá gbọ̀n ju ẹ̀ẹ̀mejì lọ láàrin ìṣẹ́jú àáyá kan, mùsẹ́ẹ̀tì ni. Kì í ṣe pé kẹ́ ẹ sá fún un o. Ẹ kàn mọ̀ pé súìṣì MM ti di ohun ọ̀ṣọ́, tẹ́ ẹ máa lò fún ìbẹ̀rẹ̀ orin kan tí gìtá kò tíì wọlé, àti pé L àti M nìkan lẹ ó máa fi ṣiṣẹ́. Àtúnṣe rẹ̀ wà: ahọ́n 68 ni wọ́n máa mú sọ̀ kalẹ̀. Wọ́n ń fi fáìlì tẹ́ẹ́rẹ́ ha ìdí ahọ́n kí ohùn lè wálẹ̀, wọ́n ń ha ṣóńṣó rẹ̀ kí ó lè gòkè. Ẹni tí kò tíì ba ahọ́n àlòkù mẹ́wàá jẹ́ rí kó má ṣe fi tirẹ̀ kọ́ṣẹ́.

Òmíràn wà tó fara sin jù. Ọ̀pọ̀ àkọ́díọ̀nù Yúróòpù ni A wọn wà ní 442 Hz, kì í ṣe 440. Ìyàtọ̀ náà fẹ́rẹ̀ẹ́ tó sẹ́ǹtì mẹ́jọ. Ó kéré tó bẹ́ẹ̀ tí a fi lè má mọ̀ ọ́n ní ilé, ó sì tóbi tó láti ba orin jẹ́ lórí pèpéle. Gìtá ṣeé yí, àkọ́díọ̀nù kò ṣeé yí, nítorí náà gìtá ni yóò tẹ̀ lé e. Kí gbogbo onígìtá yí túúnà wọn sí 442. Kí oníkíbọ́ọ̀dù wọ inú ètò túúnù rẹ̀, kó fi sẹ́ǹtì mẹ́jọ kún un. Ìṣẹ́jú méjì ni, ó sì ń pa ìjà ọdún méjì.

Ọwọ́ òsì, ẹ fara balẹ̀

Ọ̀rọ̀ kọ́ọ̀dù ló bí orúkọ àkọ́díọ̀nù. Nígbà tí Cyrill Demian gba ìwé àṣẹ rẹ̀ ní Vienna lọ́dún 1829, ohun tó ń polówó ni pé ìka kan ṣoṣo lè tẹ odindi kọ́ọ̀dù. Ìyẹn gan-an ni wàhálà rẹ̀ nínú róòkì. Onígìtá tó lo dísítọ́ṣọ̀n sábà máa ń tẹ ìró méjì, gbòǹgbò àti ìkarùn-ún, nítorí ìró kẹta máa ń dàrú nínú dísítọ́ṣọ̀n. Bọ́tìnnì méjọ̀ yín kò mọ̀ bẹ́ẹ̀; ó máa gbé ìró kẹta náà sílẹ̀ láìbéèrè. Tí olórin bá ń kọ ohùn máínọ̀ lórí rẹ̀, ẹ ti da iyọ̀ sínú ọ̀gì. Báàsì náà tún ni: bọ́tìnnì kan ń dún ní ọ̀kítéfù mélòó kan lẹ́ẹ̀kan náà, ó sì ń lọ jókòó lórí onígìtá báàsì.

Ìmọ̀ràn wa le díẹ̀: nígbà tí gbogbo ẹgbẹ́ bá ń dún, ẹ jẹ́ kí ọwọ́ òsì máa fa ẹwìrì, kó má tẹ ohunkóhun. Ẹ fi kọ́ọ̀dù rẹ̀ pamọ́ fún ibi tí gìtá bá ti dákẹ́. Ọwọ́ ọ̀tún ló ní iṣẹ́. Lórí L, kíì tó wálẹ̀ jù ń fún yín ní G tó wà ní 98 Hz, kò jìnnà sí E ìsàlẹ̀ gìtá tó wà ní 82. Ẹ lè fi L tẹ rífù (orin kúkúrú tó ń tún ara rẹ̀ sọ) pẹ̀lú gìtá, ìró kan tàbí méjì, yóò sì fún gìtá náà ní ẹran ara. Fún ohùn adáhun láàrin ẹsẹ orin, M nìkan, ní òkè C àárín. LM dára fún ègbè. LMM, tí gbogbo ènìyàn máa ń kọ́kọ́ tẹ̀ nítorí pé ó kún, ni yóò kọ́kọ́ sọnù sínú gìtá.

Ẹwìrì fúnra rẹ̀ jẹ́ ìlù. Tẹ́ ẹ bá ń já a lójijì lórí bíìtì kejì àti ìkẹrin, ó ń bá ìlù sínéà rìn bí ìbejì. Gbígbọn ẹwìrì náà wà, fífà-títì kíákíá tó dà bí ìgbà tí gìtá bá ń lu okùn kan léraléra. Ẹ jẹ́ kí ẹwìrì là bí ìka mẹ́ta péré, kẹ́ ẹ má ṣe ju ìgbọ̀n méjì sí bíìtì kan lọ lákọ̀ọ́kọ́, torí ìgbọ̀n mẹ́rin sí bíìtì lórí orin tó ń sáré ní 120 jẹ́ mẹ́jọ láàrin ìṣẹ́jú àáyá kan, apá a máa kú.

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù lọ ni títì í ju agbára rẹ̀ lọ. Ẹni tí kò gbọ́ ara rẹ̀ nínú mọ́nítọ̀, sípíkà tí olórin fi ń gbọ́ ara rẹ̀, á máa fi agbára ti ẹwìrì. Ohùn kì í pọ̀ sí i tó bó ṣe rò. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ni pé àwọn ahọ́n ńlá ti L ń wálẹ̀ ní túúnù nítorí afẹ́fẹ́ tó pọ̀ jù, òmíì a tilẹ̀ há kò ní í dún. Ohun tó yẹ kó gòkè ni mọ́nítọ̀.

Máìkì, mísà àti jẹnẹrétọ̀

Èyí tí kò wọ́n jù, tó sì ń ṣiṣẹ́, ni máìkì dánámíìkì irú SM57 lórí ìdúró, bí sẹ̀ǹtímítà mẹ́wàá sí ojú àwọ̀n apá ọ̀tún. Àléébù rẹ̀ méjì ni. Ẹ kò lè rìn, a sì mọ irú eré tí olórin róòkì ń fẹ́ sá. Ìkejì, kíì 34 gùn. Máìkì kan máa gbọ́ àwọn tó wà níwájú rẹ̀ ju àwọn tó wà ní ìpẹ̀kun lọ, rífù tó dún dáadáa nísàlẹ̀ á wá sọnù lókè. Máìkì méjì, ọ̀kan lókè, ọ̀kan nísàlẹ̀, ló yanjú rẹ̀. Kò sí ìdí láti fi máìkì sí apá òsì tẹ́ ẹ bá gba ìmọ̀ràn òkè yìí, àyè kan lórí mísà ti ṣẹ́ kù nìyẹn.

Èyí tó sàn jù ni àwọn máìkì kéékèèké tí wọ́n ń dè mọ́ abẹ́ àwọ̀n, mẹ́ta sí mẹ́rin, tí bátìrì 9V ń gbé, tí wáyà jáàkì lásán sì ń jáde. Ẹ lè sáré ká pèpéle. Wọ́n ń gbọ́ ariwo kíì náà, kò-kò-kò, nítorí náà ẹ pààrọ̀ pádì tó ti líle. Ẹ fi bátìrì tuntun sí i ṣáájú eré kọ̀ọ̀kan. Bátìrì tó ń kú kì í kìlọ̀, ó kàn ń jẹ́ kí ohùn fọ́. Tó bá jẹ́ máìkì kọ̀ndẹ́ńsà tí kò ní bátìrì, ẹ rí i pé mísà tẹ́ ẹ máa bá níbẹ̀ ní bọ́tìnnì 48V. Ọ̀pọ̀ mísà kékeré tí wọ́n ń yá fún ìnáwó kò ní i.

Fíìdíbáàkì máa wá, ẹ má fòyà. Máìkì gbọ́ sípíkà, sípíkà gbọ́ máìkì, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í bára wọn pariwo. Ẹ gbé mọ́nítọ̀ sílẹ̀ níwájú yín, kó máa kọjú sí ẹ̀yìn máìkì, kì í ṣe sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ẹ dúró jìnnà sí ṣáńbálì onídírọ́ọ̀mù, torí máìkì yín á gbé e wọlé. Kí onísáúńdì gé ohun tó wà lábẹ́ 100 Hz kúrò, kó rọra gbé gèéènì (agbára ohùn máìkì) sókè títí tó fi máa bẹ̀rẹ̀ sí í hó, kó wá ibi tó ń hó náà, kó sì gé ibẹ̀ nìkan pẹ̀lú dB mẹ́ta sí mẹ́fà. Onísáúńdì tó bá gé gbogbo òkè ohùn nítorí fíìdíbáàkì kan ti sọ àkọ́díọ̀nù yín di ẹni tó ń sọ̀rọ̀ láti inú kọ́bọ́ọ̀dù.

Pẹ́dà onígìtá ń ṣiṣẹ́ fún un, pẹ̀lú ìwọ̀ntúnwọ̀nsì. Dísítọ́ṣọ̀n díẹ̀ lórí L nìkan, ìró kan ṣoṣo, dùn gan-an. Tẹ́ ẹ bá fi kọ́ọ̀dù mẹ́ta sí i, ìró máa bí ìró, ó máa di ẹ̀bà tí kò jinná. Dìléè, tó ń tún ohùn sọ, dára. Kọ́ọ̀rọ́ọ̀sì, tó ń mú ohùn kan dà bí púpọ̀, lórí mùsẹ́ẹ̀tì, ẹ jọ̀ọ́, rárá. Jáàkì máìkì inú lè wọ pẹ́dà tààrà. SM57 kò lè ṣe bẹ́ẹ̀ láìsí ohun tí ń bá a gbé iná rẹ̀ ga.

Nípa jẹnẹrétọ̀, ohùn “hùùùn” tó ń jáde ní 50 Hz kì í ṣe ẹ̀bi àkọ́díọ̀nù. Ẹ lo àpótí DI (èyí tó ń so ohun èlò mọ́ mísà) tó ní súìṣì tí ń já wáyà ilẹ̀ ohùn. Ẹ má gé ẹsẹ̀ ilẹ̀ lára púlọ́ọ̀gù. Ẹ̀mí ni ìyẹn ń fi ṣeré.

Oòrùn, ọyẹ́, òjò

Ìda ló di àwo ahọ́n mú, ìda oyin tí wọ́n fi rọ́síìnì kún. Ìda oyin ń yọ́ ní bí 62 sí 64 lórí òṣùwọ̀n Sẹ́lísíọ́ọ̀sì, àmọ́ kó tó yọ́ ló ti ń rọ̀, búùtù mọ́tò tó dúró sínú oòrùn ọ̀sán sì gbóná tó láti mú un rọ̀. Àwo kan á yẹ̀, òmíràn á já bọ́ sínú, ahọ́n tó ń dún lánàá á yadi. Ẹ jẹ́ kó jókòó pẹ̀lú yín nínú mọ́tò. Lórí pèpéle, ẹ fi aṣọ bò ó láàrin orin. Àdìrẹ Ìtòkú rẹwà, ó sì yẹ ẹgbẹ́ Ẹ̀gbá, àmọ́ aró ń fa oòrùn. Aṣọ funfun ni kẹ́ ẹ fi bò ó.

Lásìkò ọyẹ́, awọ kéékèèké ojú ahọ́n máa ń gbẹ, wọ́n á ká, kíì á máa lọ́ra. Ẹ má gbé e síwájú fáànù tàbí ẹ̀rọ amúlétutù. Lásìkò òjò, ìpẹtà ni ọ̀tá. Ẹ kó àpò kéékèèké tí ń fa omi, irú tí ń bá bàtà tuntun wá, sínú àpótí rẹ̀. Ẹ jẹ́ kó dúró lórí ẹsẹ̀ rẹ̀ nígbà gbogbo, kó má dùbúlẹ̀, kí awọ wọ̀nyẹn lè rọ̀ sílẹ̀ bó ṣe yẹ. Ẹ má fọ́n òróró kankan sínú rẹ̀, ẹ má sì fi ẹnu fẹ́ ahọ́n, itọ́ ń mú ìpẹtà wá.

Àtúnṣe kékeré ṣeé ṣe níbí. Ṣúmékà tó mọṣẹ́ lè rán bẹ́líìtì, ó sì lè fún yín ní awọ tẹ́ẹ́rẹ́. Ìda tuntun: ìwọ̀n mẹ́rin ìda oyin sí ìwọ̀n kan rọ́síìnì, irú tí àwọn oní-fáólíìnì ń lò, pẹ̀lú ẹ̀kán díẹ̀ òróró línsíìdì, lórí iná kékeré, kó má hó. Rọ́síìnì ń jẹ́ kó lẹ̀. Tó bá pọ̀ jù, ó máa ń fọ́.

Fún ẹni tí owó kì í ṣe ìṣòro rẹ̀, V-Accordion, àkọ́díọ̀nù oníná tí Roland bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe lọ́dún 2004, kò ní ahọ́n rárá. Irú rẹ̀ kan, FR-1x, ní kíì 26 àti báàsì 72, túúnù rẹ̀ ṣeé yí, wáyà rẹ̀ ń wọ mísà tààrà, fíìdíbáàkì kò mọ ọ̀nà ilé rẹ̀. Fún ẹgbẹ́ tó ń pariwo gan-an, òun ló ṣiṣẹ́ jù. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí bọ́ọ̀dù rẹ̀ bá jóná, kò sí ṣúmékà tó lè gbà yín.

Nígbà tẹ́ ẹ bá ń dúnàá-dúrà ti tòkunbọ̀ yẹn, àpótí líle àti bẹ́líìtì méjì tó fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà márùn-ún gbọ́dọ̀ wà nínú iye náà, pẹ̀lú bẹ́líìtì ẹ̀yìn tó so wọ́n pọ̀. Tí kò bá sí, ẹ yọ owó wọn kúrò. Tẹ́ ẹ bá ti gbé e kọ́ ọrùn, ti òsì ni kẹ́ ẹ fún kúrú ju ti ọ̀tún lọ.